Ọjọ́ Tí Ìléru Kú Nílé Tekla

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí Tekla. Láti ọdún mọ́kànlá tí ọkọ rẹ̀ ti gbé ìléru tuntun, ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé gbóná, sí àjà ilẹ̀ ilé wọn, kò sí òwúrọ̀ ìgbà òtútù kan tí kò gbọ́ ọ kó máa kùn lábẹ́ pákó bí ológbò tó yó. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó lajú, kò gbọ́ nǹkan kan àfi atẹ́gùn tó ń fi èjìká gbún ògiri níta. Ó mí, ó sì rí èémí ara rẹ̀ tó funfun lókè imú rẹ̀ bí èéfín.

"Mo gbé," ló wí.

Ó fi kúbùsù bora, ó lọ síbi àpótí kékeré tí wọ́n fi ń pàṣẹ ooru lára ògiri. Ogún dígírì ló pàṣẹ kó tó sùn. Mọ́kànlá ló ń kà. Níta, òtútù ti já sí méjìdínlógójì nísàlẹ̀ òdo, irú èyí tó máa ń mú kí ìṣó ara ògiri ké bí ìbọn. Ìjì yìnyín tí rédíò ti ń kéde rẹ̀ láti ọjọ́ méjì ti balẹ̀ sí Dobra, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Èyí tó wá dun obìnrin náà wọ eegun ni pé ẹni tó mọ ìléru jù ní gbogbo agbègbè yẹn wà nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ ni. Pálọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, kò lè dìde, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Tekla Hawryliuk nígbà náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ-ọmọ àwọn tó ti Ukraine wá, tí wọ́n fi àáké àti ọkọ́ la ilẹ̀ Saskatchewan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń se oúnjẹ nílé ìwé Dobra. Àwọn tó ń darí abúlé náà lónìí, kábéèjì tó fi ń wé ìrẹsì ni wọ́n jẹ dàgbà. Kì í ṣe obìnrin tí iṣẹ́ ń bà lẹ́rù. Ó ti fa ọmọ màlúù jáde nínú ìyá rẹ̀ rí, ó ti gun òrùlé lọ ro yìnyín dànù rí. Ṣùgbọ́n àjà ilẹ̀, ti Nestor ni.

Ogójì ọdún ni Nestor fi ń tún ìléru ṣe fún Dobra àti àwọn abúlé tó yí i ká. Kò sí bí òtútù ti lè mú tó, bí ẹnì kan bá ti pè é, á wọ bàtà, á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó di títì. Ní ilé tirẹ̀, kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìléru. Á nawọ́ sí i, á ní, "Ìyálé ẹ nìyẹn o. O ò gbọdọ̀ bá a jà." Tekla á bú sẹ́rìn-ín, á sì ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú.

Nínú oṣù Ọ̀wàrà, níbi tí Nestor ti ń hú kárọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn lọ́gbà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ rí ní èdè méjì, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu: "Ó dọ̀la." Ebi ń pa á, ó dọ̀la. Ó fẹ́ tọ̀, ó dọ̀la. Inú bí i, ó dọ̀la. Tekla wá kọ́ bó ṣe máa ń ti ojú àti ohùn rẹ̀ mọ ìyàtọ̀, bí ìyá ọmọ ọwọ́ ṣe ń mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun.

Lówùúrọ̀ yẹn, ó kọ́kọ́ da kúbùsù mẹ́ta lé ọkọ rẹ̀ lórí, ó fi fìlà onírun bò ó létí, ó wá bọ́ sídìí tẹlifóònù. Ó pe ọkùnrin tó ń tún ìléru ṣe nílùú lẹ́yìn tí Nestor ti ṣubú.

"Ìyá, ọlọ́pàá ti dí títì," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti há. "Ilé mẹ́sàn-án ló ti pè mí ṣáájú yín. Mi ò rí ọ̀kan dé nínú wọn."

Ó pe Orville, aládùúgbò wọn tí oko rẹ̀ tó máìlì mẹ́ta sí wọn.

"Ìyá Larissa, mi ò rí abà tèmi láti ojú fèrèsé, ká má tíì sọ ti katakata tó wà nínú rẹ̀," ni Orville wí. "Bí mo bá ní kí n máa bọ̀ báyìí, ìgbà tí yìnyín bá yọ́ lẹ máa rí òkú mi. Ẹ wé Bàbá dáadáa. Bí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀ báyìí, mo ti dé."

Kò tíì gbé tẹlifóònù sílẹ̀ dáadáa tó tún fi dún. Larissa ni, ọmọ wọn kan ṣoṣo, láti Saskatoon.

"Màmá, mo gbọ́ nípa ìjì náà lórí rédíò. Ṣé ilé gbóná?"

Tekla wo èémí tó ń tẹnu rẹ̀ jáde. "Ó gbóná. Kí ló máa ṣe é?"

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti mu ọ̀gì wọn tán. Wọ́n ń sinmi."

"Ṣé òótọ́ lẹ ń sọ, Màmá?"

"Ṣé mo máa ń purọ́ fún ọ ni?"

Kò sí ọ̀gì tí ẹnikẹ́ni mu. Ṣùgbọ́n láti oṣù Ọ̀wàrà ni Larissa ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n gbé bàbá òun lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, pé ìyá òun ò lè dá a gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dìjà lọ́jọ́ Kérésìmesì, oúnjẹ tutù lórí tábìlì. Tekla ti búra pé bí òun ṣì ń mí, ẹnikẹ́ni ò ní gbé ọkọ òun kúrò nílé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Bó bá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé ti tutù, ẹ̀rí ló fi lé ọmọ lọ́wọ́ yẹn. Nítorí náà ló ṣe purọ́, ó sì jókòó ti tẹlifóònù.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, àpótí ara ògiri ti ń ka mẹ́jọ. Ètè Nestor ti ń dúdú. Tekla ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí dé ẹnu ọ̀nà ìdáná, ó tan sítóòfù gáàsì, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì sílẹ̀ gbayawu kí ooru lè máa jáde.

"Ó dọ̀la," ni Nestor wí.

"Mo gbọ́. Ẹ fara balẹ̀, ó ń móoru bọ̀."

"Ó dọ̀la! Ó dọ̀la!" Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin bẹ́ẹ̀dì. Ó lù ú títí awọ fi bó lára oríkèé ìka rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára sítóòfù.

Inú kọ́kọ́ bí Tekla. Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọn pé kí ló tún ń fẹ́. Ìgbà náà ló rántí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Nestor dé láti ibi iṣẹ́ kan, ó jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko kó tó wọlé. Wọ́n pè é sílé kan lẹ́yìn Dobra, ó bá ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì níbi tí wọ́n ti jókòó yí sítóòfù gáàsì ká, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé. Ojú wọn pọ́n, ara wọn dán, àfi bí ẹni tó sùn. Èéfín tí kò ní òórùn ló pa wọ́n. Odidi ọjọ́ méjì ni Nestor ò fi fẹnu kan oúnjẹ.

Tekla pa sítóòfù. Ọwọ́ tó ń lu irin dúró.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ ò fẹ́ kí n dá iná yẹn, mi ò ní dá a. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi ní ti ìléru nìyẹn. Màá máa bi yín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, ẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ gbọ́?"

Nestor fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fún un gidigidi.

Tekla pààrọ̀ bátìrì inú àpótí ara ògiri. Kò sí nǹkan kan. Ó wo ojú ibi tí iná mànàmáná ti ń pín, gbogbo rẹ̀ wà ní títàn. Ó wá di dandan kó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló lọ sí àjà ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ òsì sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún mẹ́fà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró níwájú ẹ̀rọ tó ga tó o, tó sì dákẹ́ bíi pósí tí wọ́n nà ró.

Ó tún gòkè lọ bi í. Nestor fi ọwọ́ òsì ṣe bí ẹni tó ń fa pákó pẹlẹbẹ kan jáde.

"Asẹ́ ni? Asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa asẹ́ náà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà tí Nestor ti ṣubú, kò sí ẹni tó rántí pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tuntun wà lórí pẹpẹ, ọkọ rẹ̀ ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ oṣù tó yẹ kí wọ́n lò ó sí i lára. Tekla tì í bọ àyè rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó sì tún un tàn bí Nestor ṣe fi ọwọ́ júwe. Ẹ̀rọ náà kùn, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ̀. Tekla tẹ́tí. Ó dúró. Iná ò tàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ tún dákẹ́, iná pupa kékeré kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn gíláàsì róbótó kan: ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi.

Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó gòkè. "Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta."

Ojú Nestor mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó fi ìka méjì fún imú ara rẹ̀ pa, ó di èémí mú, ó wá na ìka sí ògiri ìhà àríwá.

"Imú rẹ̀ dí?" Tekla ronú. Páìpù funfun méjì yọrí síta lára ògiri yẹn, ọ̀kan ni ìléru fi ń mí sínú, èkejì ló fi ń mí síta. "Yìnyín ti dí páìpù níta?"

Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. "Ó dọ̀la," ló wí jẹ́jẹ́, ó ń mi orí.

"Èmi náà ò fẹ́ lọ," ni Tekla wí. "Ta la fẹ́ rán?"

Ó wọ ẹ̀wù òtútù Nestor lé tirẹ̀. Ó so okùn ìsáṣọ mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó so orí kejì okùn náà mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó mú ṣọ́bìrì, ó jáde.

Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Atẹ́gùn gbá a mọ́ ògiri, yìnyín ń gún un lójú bí ìyẹ̀fun abẹ́rẹ́. Ó fi èjìká fara ti ilé, ó ń rá pálá lọ. Ìrìn tí kì í gba ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ó rò pé òun ti rìn dé abúlé kejì. Yìnyín ti ga dé àyà rẹ̀ ní ìhà àríwá. Ó gbẹ́ ẹ, atẹ́gùn ń dà á padà, ó tún ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tó kan páìpù, omi dídì ti dí ẹnu méjèèjì pa bíi kọ́ọ̀kì ìgò. Ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kó rí ìka tì bọ inú rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó ń fi èékánná àti ẹ̀yìn ṣíbí kan tó bá nínú àpò Nestor wa omi dídì náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìka ń ta á bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ iná. Nígbà tó yá, kò ta á mọ́, ohun tó sì bà á lẹ́rù jù nìyẹn.

Ó wa á títí ẹnu páìpù méjèèjì fi là. Ní bíbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àárín yìnyín náà dákẹ́ rọ́rọ́, atẹ́gùn ò dé ibẹ̀. Ó wá ń ṣe é bí ẹni pé kó sinmi díẹ̀, bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ léèrè pé bí òun bá kú síbí, ta ni yóò fún Nestor lómi? Ta ni yóò tiẹ̀ mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́? Ó di okùn mú, ó fa ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Kò bọ́ ẹ̀wù tó fi sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ. Ó kùn. Nǹkan kan ta pàá, ahọ́n iná aláwọ̀ búlúù sì là jáde nínú rẹ̀. Tekla ké: "Ó ti tàn! Bàbá Larissa, ó ti tàn o!"

Iná kú.

Ẹ̀rọ náà tún gbìyànjú. Ahọ́n iná tún là, ó tó kí èèyàn ka ení dé èje, ó kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ kọ̀, kò gbìyànjú mọ́.

Tekla gòkè. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá, ilé ti di dígírì mẹ́rin. Omi tó gbé kalẹ̀ fún Nestor láàárọ̀ ti tutù bí omi kànga. Ó dúró lókè orí ọkọ rẹ̀, ohun tí kò sọ rí ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ìgbéyàwó wọn sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Nestor! Ogójì ọdún! Gbogbo ará Dobra lo kọ́, o kọ́ ọmọ Orville, o kọ́ àjèjì. Èmi tí mò ń bá ọ sùn, o ò kọ́ mi ní nǹkan kan! Ìyálé mi! Ìyálé mi ló fẹ́ pa wá yìí, ṣé o rí i? O ò jẹ́ kí n tiẹ̀ fọwọ́ kàn án!"

Omijé yọ lójú Nestor, ó ṣàn wọ inú fìlà onírun. Tekla rí i, ó sì bo ojú. Ó ti ń rò ó láti wọ abẹ́ kúbùsù, kó gbá a mọ́ra, kí òtútù gbé àwọn méjèèjì lọ. Kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọjọ́ náà pé òun rò ó.

Nestor ló fọwọ́ kàn án. Ó ń nawọ́ sí igun pálọ̀.

"Àpótí irinṣẹ́ yín?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì tú u bí afọ́jú tó ń wá owó ẹyọ, ó mú irin kékeré kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń yí ìdè irin tú, ó mú kànìnkànìn onírin kan, irú èyí tí Tekla fi ń fọ ìkòkò. Ó na ìka kan gbọọrọ níwájú ojú rẹ̀, ó fi kànìnkànìn pa á láti ìsàlẹ̀ dókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ó wá fi ìka náà kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀.

"Ojú rẹ̀?" ni Tekla bi í. "Ó ní ojú tó fi ń wo iná? Ojú yẹn ló ti dọ̀tí, kò rí iná, ó rò pé kò tàn, ó wá ń pa gáàsì?"

Ọwọ́ Nestor gbá tirẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe fẹ́ dìde, ó tún fà á padà, ó ṣe bí ẹni tó ń pa iná ara ògiri.

"Kí n kọ́kọ́ pa mànàmáná rẹ̀. Mo gbọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pa mànàmáná ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ síwájú ìléru, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó rí i níbi tí ọ̀nà iná parí sí: irin tín-ín-rín kan bíi abẹ́rẹ́ ìránṣọ, funfun nídìí, eérú ti bò ó lára. Ìdè kan ṣoṣo ló mú un. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́, ọwọ́ òsì ló fi tú u. Ìdè náà bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, Tekla dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì láti fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde. Ó nu irin náà títí ó fi dán. Ó dá a padà. Ó tan mànàmáná, ó di ojú.

Ó gbọ́ nígbà tó ta pàá. Ó ka ení, ó ka èjì. Ó kà á dé ogún. Ó kà á dé àádọ́ta kó tó la ojú, iná búlúù náà ṣì dúró, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn gba inú páìpù lọ sókè. Ó jókòó sórí símẹ́ńtì, ó fi ẹ̀yìn ti ìléru, ó sunkún tó jẹ́ pé kò lè gòkè fún bí ìdajì wákàtí.

Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn rọlẹ̀, Orville sì fi katakata la ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn. Ó bá ilé tó gbóná, ó bá ọkùnrin kan tó ń wú ikọ́ tó ń fọ́ láyà, ó sì bá obìnrin kan tí orí ìka méjì rẹ̀ ti dúdú. Òun ló gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gé orí ìka méjì náà. Òtútù àyà ti wọ Nestor, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀.

Larissa jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé.

"Màmá, mo bi yín bóyá ilé gbóná."

"O bi mí."

"Ẹ ní ó gbóná."

"Mo tún un ṣe, Larissa. Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn." Ọmọ náà fi orí lé èjìká rẹ̀. "Bó bá tún bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣubú síta, tí ẹ ò dìde?"

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n gbé Nestor láti ilé ìwòsàn lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú. Kò tún fojú kan ilé tó kọ́ mọ́.

Tekla dá gbé nínú ilé náà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ó tà á fún tọkọtaya kan tí ọmọ wọn ṣì ń rá, ó sì gba iyàrá méjì ní ìsọdá ilé ìtọ́jú. Láràárọ̀ ní aago méje ààbọ̀, á sọdá, á lọ fún ọkọ rẹ̀ ní ọ̀gì fúnra rẹ̀, torí pé àwọn nọ́ọ̀sì máa ń yára jù, ó sì máa ń há a lọ́fun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù méjì. Ìgbà ìkórè àlìkámà ni Nestor kú, ní ọ̀sán gangan, fèrèsé wà ní ṣíṣí, eruku oko sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Tekla ń gé èékánná rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ó gé èyí tó kù tán kó tó lọ pe nọ́ọ̀sì.